"A Ti Pé": Ìtàn Iye Atukọ̀ Tó Kéré Jù Nínú Ọkọ̀ Òkun àti Rìgì, láti Bonny dé Onne

Ìfáàrà

Kò sí òkun ní Eliozu. Ilẹ̀ Ikwerre ni, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Obio-Akpor ní Port Harcourt. Ohun tí ojú máa ń rí níbẹ̀ ni títì East-West tó kún fún ọkọ̀, afárá tó gba orí ìkòríta kọjá, àti àwọn awakọ̀ èrò tó ń pariwo Eleme Junction. Síbẹ̀, ẹni tó bá dúró níbùdókọ̀ ní ìdájí yóò rí àwọn ọkùnrin tó gbé báàgì ńlá kọ́ èjìká, tí wọ́n ń lọ sí èbúté Onne láti lọ wọ ọkọ̀. Àwọn kan a lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lójú omi, wọn a sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nílé; ti àwọn mìíràn gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eliozu ni wọ́n gba ilé sí, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wọn ti ń lọ sí ilé-ìwé.

Ilé àbúrò mi obìnrin tó wà níbẹ̀ ni mo dé sí nígbà kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin Ìlàjẹ kan máa ń wá kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìṣirò ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó gbọ́ pé àwọn olùkọ́ ọ̀la ni mò ń kọ́, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ yín kò bá rí ilé-ìwé tó máa gbà á fún TP, ṣé ẹ máa ń fún un ní NCE?" Mo ní rárá. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ tòun rí. Ó ti kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ òkun nínú kíláàsì, ó sì ti yege, ṣùgbọ́n kò lè gba ìwé ẹ̀rí ọ̀gá tó lè dá dúró lórí ìṣọ́ títí yóò fi lo oṣù 12 lójú òkun, kò sì sí ọkọ̀ tó fẹ́ gbà á. Gbogbo ọ́fíìsì tó wọ̀ ni wọ́n ti ń fún un ní èsì kan náà: "A ti pé."

Gbólóhùn kékeré yìí ni ó bí bébà yìí. Báwo ni ọkọ̀ ṣe ń pé? Ta ni ó ń ka iye, ta ni a sì ń kà mọ́ ọn? Olùkọ́ ìtàn ni mí, n kì í ṣe atukọ̀, nítorí náà ọ̀nà ìtàn ni mo gbà wá ìdáhùn. Ohun tí mo rí ni pé iye tí òfin ní kí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ má ṣe dín sí ti di iye tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ kì í fẹ́ kọjá, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí èyí lé jáde kúrò nínú ọkọ̀.

Ilé ọkọ̀ ní Bonny àti Kalabari

Kí òfin òyìnbó kankan tó dé agbègbè yìí ni àwọn ará Bonny àti Kalabari ti ní ìlànà iye atukọ̀ tiwọn. Nígbà òwò ẹrú, àti nígbà òwò epo pupa tó tẹ̀lé e, àwọn ìlú wọ̀nyí pín sí agbo ilé tí àwọn onímọ̀ ìtàn ń pè ní ilé ọkọ̀. K. O. Dike kọ nípa wọn nínú ìwé tó ṣe jáde ní 1956, G. I. Jones náà sì tún tú u palẹ̀ ní 1963. Ìbí nìkan kọ́ ni ó ń sọ ènìyàn di olórí irú ilé bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ lè pèsè ọkọ̀ ogun kan, kí ó kó atukọ̀ àti jagunjagun kún inú rẹ̀ bó ti yẹ, kí ó sì lè máa bọ́ wọn. Ọkọ̀ ogun ńlá a máa gba 50 ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú ìbọn àgbá. Bí o kò bá ní ènìyàn tó lè kún ọkọ̀, o kò ní ilé. Ní tòótọ́, iye àwọn tó wà nídìí àjẹ̀ ni ó ń sọ bí ọ̀rọ̀ ẹni ṣe wúwo tó níwájú ọba.

N kò wí pé kí a máa yin ètò náà. Ẹrú ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń wa ọkọ̀ wọ̀nyẹn, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tó kàn wá. Inú ọkọ̀ ni ọmọ tuntun ti ń kọ́ iṣẹ́, ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ èdè, ibẹ̀ ló ti ń mọ ọ̀nà ọjà. Jaja, ọmọ Ìgbò tí wọ́n rà wá sí Bonny ní kékeré, inú ilé Anna Pepple ni ó ti dàgbà títí tó fi di olórí ilé náà, nígbà tó sì di 1870 ó ti ní ìlú tirẹ̀ ní Opobo. Àwọn Ìlàjẹ pàápàá, tí abúlé apẹja wọn wà káàkiri etí òkun títí dé ìhà Bonny, mọ̀ pé ọmọdé tó ń gbọ́n omi jáde nínú ọkọ̀ lónìí ni atukọ̀ ọ̀la. Kò sí ẹni tó máa ń sọ fún ọmọ bẹ́ẹ̀ pé ọkọ̀ ti pé.

Àwọn tí a kò kà

Òfin iye atukọ̀ tó lókìkí jù nínú ìtàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ààbò. Òfin ọkọ̀ wọn ti 1660 sọ pé ọ̀gá ọkọ̀ àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn atukọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò jẹ nínú iṣẹ́ náà ni èyí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ènìyàn mélòó ni yóò gba ọkọ̀ là bí ìjì bá dé. Ó di 1850 kí wọ́n tó ní kí ọ̀gá ọkọ̀ àti igbákejì rẹ̀ máa gba ìwé ẹ̀rí kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Kí á fi ìyàtọ̀ méjèèjì yìí sọ́kàn: ọmọ ta ni, àti mélòó ni. Ní Nàìjíríà òde òní, a ti dà wọ́n pọ̀, a ó sì padà sí i.

Láti 1852 ni ọkọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Macgregor Laird ti ń ná etíkun wa, Elder Dempster sì dé ní 1868. Bí ọkọ̀ wọ̀nyí bá ti dé Freetown tàbí etí òkun Liberia, wọn a dúró kó àwọn Kru sínú ọkọ̀. Àwọn Kru ni wọ́n ń wa ọkọ̀ kékeré la ìgbì já, àwọn ni wọ́n ń kó ẹrù wọlé tí wọ́n ń kó o jáde ní ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ibi tí kò sí èbúté. Bí ọkọ̀ bá ń padà sí Liverpool, wọn a sọ̀ wọ́n kalẹ̀ níbi tí wọ́n ti gbé wọn. Iṣẹ́ etíkun kò lè ṣe é ṣe láìsí wọn, síbẹ̀ ara òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kọ́ ni wọ́n lójú ọ̀gá. Àkọsílẹ̀ wà nípa àwọn orúkọ tí àwọn òyìnbó fi ń pè wọ́n nínú ìwé: ẹnì kan ń jẹ́ Bottle of Beer, ẹnì kan ń jẹ́ Pea Soup. Ẹni tí ìyá rẹ̀ sọ lórúkọ nílé, tí òǹkàwé ọkọ̀ wá kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìgò ọtí, a mọ irú kíkà tí wọ́n kà á.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì túbọ̀ yíjú sí Èkó láti gba atukọ̀, nítorí owó oṣù ọmọ Nàìjíríà kéré sí ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Liverpool. Lynn Schler ti kọ odidi ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2016. Ní 1959, aáwọ̀ ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàárín Elder Dempster àti ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀ Nàìjíríà nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ Apapa, ìjọba sì ní láti gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde. Ọdún yẹn kan náà ni ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ti Nàìjíríà, NNSL, bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìjọba ní ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún, Elder Dempster àti Palm Line ní èyí tó kù. Ní 1961 ìjọba ra gbogbo rẹ̀. Dan Fodio, King Jaja, Herbert Macaulay, Nnamdi Azikiwe, Oduduwa: ẹ wo àwọn orúkọ tí wọ́n fún ọkọ̀. Jaja tí àjẹ̀ gbé dé ipò ọba wá di ọkọ̀ òkun fúnra rẹ̀.

Ẹni kan ṣoṣo lórí ìṣọ́

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ ààbò ti wọlé? Ní òru ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 1912, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Californian dúró láàárín yìnyín lójú òkun Àtìláńtíìkì. Ẹni kan ṣoṣo ni ó ní tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ wáyà-aláìnífọ́nrán, ẹni náà sì ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́, ó pa ẹ̀rọ, ó lọ sùn. Kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí Titanic, tí kò jìnnà sí wọn, fi kọlu òkè yìnyín. Gbogbo igbe tí Titanic ké lórí ẹ̀rọ, etí kankan kò gbọ́ ọ nínú Californian títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó ju 1,500 ènìyàn lọ tó kú.

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọkọ̀ àjànù Titanic kò tó. Èyí tí a kì í sábà kọ́ ọmọ ilé-ìwé ni ti oorun ọkùnrin yẹn. Kò ṣẹ òfin kankan. Ẹni kan ni wọ́n gbà, ẹni kan kò sì lè jí fún wákàtí 24. Àdéhùn àgbáyé lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, tí wọ́n fọwọ́ sí ní London ní 1914, wá là á kalẹ̀ pé àwọn ọkọ̀ kan gbọ́dọ̀ máa tẹ́tí sí ẹ̀rọ yìí tọ̀sán-tòru. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà: iye ènìyàn kò dúró lórí ìwọ̀n ọkọ̀ nìkan mọ́, ó dúró lórí iye wákàtí tí ara ẹ̀dá lè gbà.

Kò yá kánkán tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ epo Torrey Canyon gúnlẹ̀ sórí àpáta ní 1967 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó fi ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí atukọ̀ sínú àdéhùn kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1978 tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1984. Ní 1981, IMO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun, ṣe ìpinnu àkọ́kọ́ lórí iye òṣìṣẹ́ tó kéré jù fún ààbò. Wọ́n tún un ṣe ní 1999, wọ́n sì tún un ṣe ní 2011. Ti 2011 náà, A.1047(27), ni a ń lò di òní. Láàárín èyí ni Exxon Valdez da epo sí etí òkun Alaska ní oṣù kẹta 1989. Àwọn olùṣèwádìí Amẹ́ríkà ka àìpèsè òṣìṣẹ́ tó tó, tí ara wọn sì ti sinmi, mọ́ ohun tó fa jàǹbá náà.

Ohun tí ìwé iye atukọ̀ ń sọ

Ìwé pélébé kan ni, tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà. Ní Nàìjíríà, NIMASA ni ó ń fi fún ọkọ̀ tó bá ru àsíá wa. Kì í ṣe pé ó kàn kọ 9 tàbí 14 sílẹ̀. Ó ń sọ ipò kọ̀ọ̀kan: ọ̀gá ọkọ̀ kan, igbákejì kan, àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà, ọ̀gá ẹ̀rọ, àwọn tó wà lábẹ́ wọn, àti irú ìwé ẹ̀rí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní. Bí ó bá ku ẹnì kan nínú wọn, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ tu.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye náà? Ọlọ́kọ̀ ni ó máa kọ́kọ́ dábàá. Ó máa ṣe ìṣirò irú ọkọ̀, agbára ẹ̀rọ, ibi tí ọkọ̀ ń ná, bó ṣe ń wọ èbúté sí, iṣẹ́ ìdákọ̀ró, pípa iná, gbígbé ọkọ̀ àjànù sọ̀kalẹ̀. Ìjọba á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì fọwọ́ sí i. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó ń san owó oṣù ni ó ń kọ́kọ́ sọ iye ènìyàn tí òun nílò. Kò burú bí olùyẹ̀wò bá lójú. Àwa tí a wà níjókòó yìí mọ bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí àwọn olùyẹ̀wò bá ń bọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga: orúkọ àwọn olùkọ́ tí a kì í rí ní ọ̀sẹ̀ lásán a máa wà lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ní ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí n má fà á gùn.

Ìṣirò kan wà tí mo fẹ́ kí olùkọ́ ìṣirò ó bá mi yẹ̀ wò. Òfin sọ pé atukọ̀ gbọ́dọ̀ sinmi fún wákàtí 10, ó kéré jù, láàárín wákàtí 24, àti wákàtí 77 láàárín ọjọ́ méje. Wákàtí 168 ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀. Bí a bá yọ 77 kúrò, ó ku 91 tí ó lè fi ṣiṣẹ́. Bí ènìyàn mẹ́ta bá ń pín ìṣọ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan á ṣọ́ fún wákàtí mẹ́rin, á sinmi mẹ́jọ. Wákàtí 56 nìyẹn lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ kékeré, ènìyàn méjì ló sábà máa ń pín in, ọ̀gá ọkọ̀ àti igbákejì rẹ̀: wákàtí mẹ́fà lórí ìṣọ́, mẹ́fà nísinmi. Ìyẹn jẹ́ 84. Wákàtí méje péré ni ó kù ní gbogbo ọ̀sẹ̀ fún ìwé kíkọ, ẹrù gbígbà, ìdánrawò iná, àti ìyẹ̀wò àwọn aṣojú ìjọba tó bá gun ọkọ̀. Ta ni yóò kọ́ ọmọ iṣẹ́ nínú wákàtí méje yẹn? Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, orí ìwé nìkan ni wákàtí ìsinmi náà sì ti ń pé.

Orí rìgì

Òkun agbègbè Port Harcourt kì í ṣe ti ọkọ̀ nìkan. Láti ìgbà tí Gulf Oil ti rí epo ní Okan ní 1963, iṣẹ́ epo ti wọ inú omi lọ. Ní 2005, Bonga bẹ̀rẹ̀ sí í fa epo láti inú agbami. Rìgì kì í ṣe ọkọ̀ pátápátá, kì í sì í ṣe ilé. Àwọn awakùsà pọ̀ níbẹ̀ ju atukọ̀ lọ, olórí awakùsà a sì máa rò pé òun ni ọ̀gá.

Ocean Ranger ni ó kọ́ ayé lọ́gbọ́n nípa èyí. Ní òru ọjọ́ 15 oṣù kejì 1982, ìjì jà ní etí òkun Newfoundland ní Kánádà. Gíláàsì fèrèsé kan fọ́, omi iyọ̀ ta sí pátákó tí wọ́n fi ń darí omi tó ń mú rìgì dúró déédéé. Àwọn tó wà nídìí rẹ̀ kò tíì gba ẹ̀kọ́ tó pé nípa bí a ti ń fi ọwọ́ darí rẹ̀ bí iná bá kú. Ọ̀gá ọkọ̀ wà lórí rìgì náà, ṣùgbọ́n abẹ́ olórí awakùsà ni wọ́n fi í sí. Rìgì náà rì. Ènìyàn 84 ni ó wà lórí rẹ̀. Kò sí ẹnì kan tó yè.

Ẹ rí i pé 84 kì í ṣe iye kékeré. Ènìyàn pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni kò tó. Nítorí náà, nígbà tí IMO ṣe ìlànà ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí fún àwọn òṣìṣẹ́ orí rìgì tó ń rìn, ní 1999 àti ní 2013, ipò ni ó fi ṣe pàtàkì: ẹni tó ń darí gbogbo rìgì, ẹni tó ń bójú tó ìdúró rẹ̀ lórí omi, ẹni tó ń darí omi ìwọ̀n, olórí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Àwọn tó kù lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún, wọn kò lè dípò ọ̀kan nínú mẹ́rin wọ̀nyí.

Nílé wa níbí, ìtàn náà gba ọ̀nà méjèèjì. Nígbà tí iná jó rìgì KS Endeavour ní Funiwa ní oṣù kìíní 2012, ènìyàn 154 ni ó wà níbẹ̀. 152 yọ, méjì kú. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì 2022, Trinity Spirit, ọkọ̀ ìpamọ́ epo tí wọ́n kàn ní 1976, bú gbàmù lójú omi ìhà Escravos. Ibi ìpamọ́ rẹ̀ lè gba àgbá epo mílíọ̀nù méjì. Mẹ́wàá ni àwọn tó wà nínú rẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n rí láàyè. N kò sọ pé iye ènìyàn ló fa iná náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé mẹ́wàá náà ni wọ́n máa pa iná, àwọn náà ni wọ́n máa gbé ọkọ̀ àjànù sọ̀kalẹ̀, àwọn náà ni wọ́n máa wá ara wọn nínú òkùnkùn.

Ọ̀rọ̀ kúùkù tún wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ dà bí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́. Àdéhùn àgbáyé lórí iṣẹ́ ojú òkun ti 2006, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2013, sọ pé ọkọ̀ tí iye atukọ̀ tí a kọ fún un kò bá tó mẹ́wàá lè ṣàì ní kúùkù tó gba ìwé ẹ̀rí. Kúùkù ni Harrison Okene. Inú ọkọ̀ tọ́ọ̀gì Jascon-4 ni ó wà nígbà tó dojú dé ní ìhà Escravos ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún 2013. Ènìyàn 12 ni wọ́n. Ó lo nǹkan bí wákàtí 60 nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó kù sínú ọkọ̀ náà, ní ìsàlẹ̀ omi tó jìn tó mítà 30, kí àwọn òmùwẹ̀ tó rí i. Òun nìkan ni ó yè nínú àwọn 12.

Ibùsùn akẹ́kọ̀ọ́

Ní 1977 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òkun sílẹ̀ ní Oron, tó di Maritime Academy of Nigeria ní 1988. Nígbà náà, NNSL wà. Láàárín ọdún díẹ̀ yẹn kan náà ni NNSL ra ọkọ̀ tuntun 19, tí wọ́n sọ púpọ̀ nínú wọn lórúkọ odò: River Majidun, River Gurara, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kíláàsì wà ní Oron, ìdánrawò wà lójú òkun. Ọ̀pọ̀ lára àwọn àgbà ọ̀gá ọkọ̀ tí a ní lónìí, inú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. River Gurara rì ní etí òkun Portugal ní 1989. Gbèsè sì mú kí wọ́n máa dá àwọn mìíràn dúró ní èbúté ilẹ̀ òkèèrè. Ní 1995, wọ́n pa NNSL tì. Kíláàsì kù, ọkọ̀ lọ. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti gbogbo ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní agbègbè kan pa, tí wọ́n wá fi kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ sílẹ̀ kí ó máa ṣe àyẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde lọ.

Ní 2003 ni òfin Kábótéèjì dé, tó ní kí ọkọ̀ tó ń ná láàárín èbúté wa jẹ́ èyí tí a kàn níbí, tí ọmọ Nàìjíríà ni, tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbí, tí ọmọ Nàìjíríà sì ń wà. Òfin tó dára ni, ṣùgbọ́n irú ti 1660 ni: ọmọ ta ni. Ó fún mínísítà láyè láti yọ̀ǹda fún ọkọ̀ tí kò bá rí ọmọ Nàìjíríà tó kún ojú òṣùwọ̀n. Àwọn ọlọ́kọ̀ sì ń rí ìyọ̀ǹda náà gbà, torí òótọ́ ni pé ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí gíga kò pọ̀. Kí ló dé tí wọn kò fi pọ̀? Torí ìwé ẹ̀rí gíga kò ṣeé gbà láìsí ti ìsàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ kò sì ṣeé gbà láìsí oṣù 12 lójú òkun fún ẹni tó lọ ilé-ẹ̀kọ́, tàbí oṣù 36 fún ẹni tí kò lọ. Oṣù 12 náà nílò ibùsùn kan nínú ọkọ̀. Ìwé iye atukọ̀ kì í sì í ka akẹ́kọ̀ọ́.

Ibí ni ọ̀rọ̀ "mélòó ni" àti ọ̀rọ̀ "ọmọ ta ni" ti so kọ́ra. Ọlọ́kọ̀ tó ń gba ọkọ̀ ní háyà fún ilé-iṣẹ́ epo mọ̀ pé gbogbo ẹni tó bá lé lórí iye tó wà nínú ìwé, oúnjẹ rẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ẹ̀kọ́ ààbò rẹ̀, ọ̀dọ̀ òun ni yóò ti jáde. Ibùsùn inú ọkọ̀ tó ń ná Onne kò pọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ epo a sì máa du èyí tó bá ṣẹ́kù. Nítorí náà, iye tó kéré jù náà ni ó máa ń gbà. NIMASA ti gbìyànjú: láti nǹkan bí 2008, ó bẹ̀rẹ̀ ètò tó fi rán ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òkun ní Philippines, Íjíbítì, Íńdíà àti àwọn ibòmíràn. Púpọ̀ nínú wọn padà pẹ̀lú ìwé ẹ̀kọ́ kíláàsì, wọ́n sì jókòó de ọkọ̀.

Ìpinnu 2011 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ní gbólóhùn kan tí n kò tíì gbọ́ kí wọ́n máa tọ́ka sí. Lára ohun tó ní kí a wò kí a tó fọwọ́ sí iye atukọ̀ ọkọ̀ kan ni bí iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣe pọ̀ tó nínú ọkọ̀ náà. Ìyẹn ni pé àjọ àgbáyé mọ̀ pé ẹni tó ń kọ́ni kò lè wà lórí ìṣọ́ méjì, àti pé ọkọ̀ tó ń kọ́ ọmọ nílò ènìyàn sí i. Èrò tèmi ni pé ẹnikẹ́ni tó bá wá béèrè ìyọ̀ǹda láti lo atukọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní omi wa, kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibùsùn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni ó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, kí iye náà wà nínú ìwé, kí ọkọ̀ má sì pé láìsí i. Àwa náà kì í jẹ́ kí ilé-ìwé tó bá sọ pé olùkọ́ òun ti pé lé akẹ́kọ̀ọ́ TP padà. Ilé-ìwé a máa ráhùn, wọn a sì gbà á, wọn a wá tábìlì kan fún un lẹ́bàá fèrèsé.

Ọmọ Ìlàjẹ náà ṣì wà ní Eliozu. Ilé-ìwé aládàáni kan ti gbà á láti máa kọ́ ìṣirò ní JSS 2, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀, torí pé etí òkun ni ó ti máa ń mú àpẹẹrẹ rẹ̀ wá. Ní ìgbà tí mo bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ọ̀gá ilé-ìwé ti sọ fún un pé kò lè pẹ́ níbẹ̀ láìní ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Ó ti forúkọ sílẹ̀. Mo bi í léèrè ibi tí yóò ti ṣe TP. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kíláàsì òun náà ni, sà; wọ́n ní àyè wà.